Ẹ̀rìnlá Ni Wọ́n Ń Kà Á Dé

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí ọmọ mi obìnrin sáré wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní táyà ò sí mọ́. Mo ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti wọ bùbá ilé, mo jókòó sórí àpótí pẹ̀lú atẹ lórí itan, mo ń ya òkúta kúrò lára ẹ̀wà tí mo rà ní ọjà Sandaga. Mo bi í pé táyà wo. Ó ní gbogbo táyà náà, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, pé Tọ́ńtọ́n, mẹkáníìkì òpópónà wa, ti kó wọn wọlé. Faransé ni ó fi sọ ọ́, bí ó ti máa ń fi sọ ohunkóhun tí ó bá ká a lára. Kí n tó gbé atẹ sílẹ̀, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ nínú òpópónà wa, mo gbọ́ igbe àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró ohun kan tí ó bẹ́.

Bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí mo fi dé ìta, ọkọ̀ náà ti lọ, eruku rẹ̀ nìkan ni ó kù. Àwọn ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ògiri ní apá ọ̀tún àti apá òsì, bọ́ọ̀lù náà sì wà láàárín ọ̀nà, ó ti rí pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn.

Ndogbong ní Douala ni à ń gbé, ní òpópónà kúkúrú kan tí kò ní ọ̀dà nígbà náà. Kò yẹ kí ọkọ̀ púpọ̀ máa gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti rí i pé bí wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ wa, wọn kò ní bá àwọn tí ó há sí oríta ọjà há síbẹ̀. Eré ni wọ́n máa ń sá kọjá. Ní ọdún tí ó ṣáájú, bẹ́ńsíkìn kan, ìyẹn alùpùpù tí ń gbé èrò, kọlu ọmọ obìnrin tí ó ń din bẹ́nyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Bẹ́nyẹ́ ni ohun tí àwa ń pè ní pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ọmọ náà kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kán, wọ́n tò ó, kò sì tò dáadáa. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mámà Bẹ́nyẹ́, jẹ́ ọmọ ìlú náà, kì í ṣe àlejò bíi tiwa. Ó sanra, ohùn rẹ̀ ga, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó gbé àpótí ìdáná rẹ̀ sí àárín òpópónà ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ó jókòó lé e, ó ní kí ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ kọjá gba orí òun kọjá. Fèrè sọ, èébú sọ, kò dìde. Nígbẹ̀yìn, wọ́n lọ pe olórí àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté. Ó wo obìnrin náà lórí àpótí, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí òpópónà náà máa jẹ́ ti àwọn ọmọdé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, láti ìgbà tí a bá jẹun ọ̀sán tán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí kò bá ṣáà ti sí ìjà tí yóò dé etí òun. Ẹnu ni ó fi sọ ọ́. Ẹnu náà ni ó sì lè fi gbà á padà.

A yá bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa láti fi dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn táyà tí ó di bẹ́ńṣì náà mú, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà ni wọ́n ti wá. Ọmọ ìlú ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ti gbé Mushin fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Lagos, tí àwa sì ń pè é ní Baba Èkó. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì máa ń fẹ́ kí a mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ìtàn kan wà tí ó máa ń sọ nípa ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ dé Èkó. Ó lọ sí ibùdókọ̀, ó ń bi àwọn obìnrin tí ó bá níbẹ̀ pé níbo ni òun ti lè rí ọkọ tí ń lọ Yaba. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí ohùn òun wálẹ̀ níparí. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ọkọ ni mò ń wá, kékeré náà dára." Ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi sọ pé òun náà ti ń wá ọ̀kan láti ọjọ́ yìí, kí ó wá tò sẹ́yìn òun. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣọ́ ohùn rẹ̀. Ní òpópónà wa ṣá o, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ. Bí ọkọ̀ kan bá dúró sí ibi táyà tí ó ń fọn fèrè, yóò kígbe sí mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Ìyá Aránṣọ, ọkọ ń bọ̀ o!" Bí ọkọ mi fúnra rẹ̀ bá sì yọ ní ìrọ̀lẹ́ láti bá wa gbé bẹ́ńṣì wọlé, yóò na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀, yóò ní, "Ẹ yà, ẹ yà, ọkọ ńlá ń bọ̀!" Ọkọ mi, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, a máa fi ẹnu fọn fèrè fún un.

Ìránṣọ ni iṣẹ́ mi. Mo ti jáde ilé ìwé girama, nítorí náà mo gbà pé èmi ni ó tọ́ sí láti máa kọ́ àwọn ọmọ náà ní nǹkan. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo fi àgékù aṣọ rán lẹ́tà ábídí, mo ki òwú sí wọn nínú. Mo rán bọ́tìnnì sí abẹ́ Ẹ àti Ọ àti Ṣ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wọ́n pè, àwọn ọmọ sì máa ń jà sí àwọn oníbọ́tìnnì ju àwọn yòókù lọ. A ń to lẹ́tà sórí ilẹ̀, wọ́n ń fò láti orí ọ̀kan dé òmíràn bí ẹni tí ń ta súwè, wọ́n ń pe orúkọ èyí tí ẹsẹ̀ wọn bá bà lé. Mámà Bẹ́nyẹ́ ń kọ́ wọn ní okùn fífò, ilẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Àwọn tí ó ti mọ̀wé díẹ̀ ń fi èédú kọ Faransé sára ògiri ṣẹ́ẹ̀fù, ó ń bínú sí i ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kò sì ní kí wọ́n dẹ́kun.

Ọmọ Yorùbá inú wọn kò pọ̀. Douala ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá bí ènìyàn ti ń gbọ́ rédíò aládùúgbò. Mo pinnu pé òǹkà ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Bojúbojú ni mo fi kọ́ wọn: ẹni tí ó bá dijú mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún kí ó tó lajú, àwọn yòókù yóò sì ti sá pamọ́. Kò pẹ́ tí ọmọ onílé àti ọmọ àlejò fi ń ka Yorùbá dé ogún ní òpópónà Ndogbong. Ogún yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí ẹni tí ń kà bá ti dé ibẹ̀, gbogbo wọn, títí kan àwọn tí ó sá pamọ́ tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́, a máa ké e lẹ́ẹ̀kan náà pé ogún dé, ogún dé. Mo fi wọ́n yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé bí a bá fi ọgbọ́n ṣe é, èdè kò lè parẹ́ lẹ́nu ọmọ. Ó ní òótọ́ ni.

Ìgbà Bàkásì ni gbogbo èyí. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè tí a ń gbé ń bá ara wọn jà nítorí ilẹ̀ olómi kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè nawọ́ sí lórí àwòrán ilẹ̀. Rédíò ibí ń sọ tirẹ̀ ní Faransé, rédíò ilé ń sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ mi a gbọ́ méjèèjì, a sì pa rédíò. A kò sọ Yorùbá nínú takisí mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń ti fèrèsé kọrin, bẹ́ẹ̀ ooru Douala kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ti fèrèsé mọ́ ara rẹ̀. Ní oríta, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró láti bèèrè kátì séjúù, ìwé tí ó fún àlejò láyè láti gbé ìlú. Ti ọkọ mi ti kọjá àkókò, gbogbo ìgbà tí ó bá sì lọ tún un ṣe ni wọ́n ń sọ fún un pé kí ó padà wá. Ọjọ́ ìsinmi lójú òpópónà nìkan ni a máa ń gbàgbé. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi ro ohunkóhun.

Ní ọ̀sán tí mò ń wí yìí, mo bá Mámà Bẹ́nyẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù Baba Èkó, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Àwọn táyà ti tò sẹ́yìn ọkùnrin náà. Ó jókòó, ó ń fi àkísà nu irinṣẹ́ tí ó ti mọ́, kò wo ojú mi. Mámà Bẹ́nyẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mámà, kí ni ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí gan-an?"

"Òǹkà."

"Lagos ní kì í ṣe òǹkà o. Ó ní wọ́n ń kígbe la guerre, pé la guerre ti dé. Ó ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń kígbe ẹ̀ sí òun létí. Ó ti lọ bá ṣẹ́ẹ̀fù."

Mo ní irọ́ ni, pé n kò kọ́ ọmọ kankan ní ọ̀rọ̀ ogun. Mo fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ti padà sí ìdí ògiri, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń kà. Ó dé ìparí. Igbe ta láti ẹ̀yìn àgbá omi, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, láti abẹ́ tábìlì bẹ́nyẹ́: "Ogun dé! Ogun dé!"

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, bí Faransé ti máa ń tẹ́. Kò sí ibi tí ó ti gòkè. Gbogbo àsìkò tí mo fi jókòó tì wọ́n, etí ara mi ni ó ń bá wọn gbé e sókè. Mo ti rán bọ́tìnnì sí abẹ́ lẹ́tà kí wọ́n má baà ṣì í pè, n kò sì rán ohunkóhun sí orí ẹyọ kan.

Ṣẹ́ẹ̀fù ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn pé kí n wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ní ọjọ́ kejì. Ó ní títí a óò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, òpópónà wà ní ṣíṣí, bí kò bá sì yanjú, kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ìyàwó pásítọ̀ wá sí ilé wa. Ó ní kí n má lọ. Ó ní irú àkókò yìí kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà ń jókòó níwájú ènìyàn láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ogun, kí a kàn kó bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì padà, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, ọkọ mi ní, "Bí o bá lọ, yóò bèèrè ìwé wa."

"Bí n kò bá lọ, ọkọ̀ á máa kọjá."

"Kó máa kọjá. Kí ọmọ ṣeré nínú ilé."

Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé wa, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì ti gba pálọ̀. Ọmọ wa dùbúlẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀rọ náà níbi tí ó ti máa ń ṣeré, ó na ẹsẹ̀ sí ìta nítorí pé abẹ́ ẹ̀rọ kò gbà á mọ́. Ọkọ mi wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. "Mú un dání," ni ó wí. "Ó máa ń ṣòro láti jágbe mọ́ ẹni tó bá di ọmọ lọ́wọ́ mú."

A lọ. Mámà Bẹ́nyẹ́ tẹ̀lé wa láìjẹ́ pé mo pè é. Ṣẹ́ẹ̀fù jókòó sórí àga rẹ̀, Baba Èkó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó mọ́. Mo kí wọn, mo sì ṣàlàyé ní Faransé tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn mi láti òwúrọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Mo ní ọ̀kan ń gòkè níparí, òun ni iye tí wọ́n ń pè ní vingt. Mo ní ìkejì kì í gòkè, òun ni la guerre.

"Ẹ sọ wọ́n kí n gbọ́," ni ṣẹ́ẹ̀fù wí.

"Ogún. Ogun."

"Ẹ tún sọ."

"Ogún. Ogun."

Ó mi orí. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì, Mámà."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà, Ṣẹ́ẹ̀fù."

Ó yíjú sí Baba Èkó. "Lagos, ìwọ náà ńkọ́?"

Baba Èkó wo ilẹ̀. "Lẹ́nu tirẹ̀, méjì ni," ni ó wí. "Ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́ ló rí. Lẹ́nu àwọn ọmọ, ọ̀kan ni. Èyí tí mo sọ fún yín yẹn ni."

Òótọ́ ni ó sọ.

Ṣẹ́ẹ̀fù na ìka sí ọmọ mi. Ó bi í pé kí ni wọ́n máa ń kígbe bí wọ́n bá ń ṣeré. Ọmọ mi wo ojú mi, ó sì sọ ọ́ kedere, bí ẹni tí ó wà níwájú olùkọ́: "Ogun dé."

Mámà Bẹ́nyẹ́ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Vingt ti dé."

"Báwo wá ni ẹ ṣe ń sọ la guerre ní èdè yín?"

Ọmọ mi ronú. Ó tún wo ojú mi. Ó ní, "Màmá ò tíì kọ́ wa nìyẹn."

Lẹ́yìn náà Baba Èkó, láìgbé ojú sókè, ní, "Ogún." Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "O-gún. Gbé e sókè níparí, bí ẹni ń nawọ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ."

"Ogun," ni ọmọ mi wí.

"Rárá. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ogún."

"Ogún."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n á ta nǹkan fún ẹ ní Mushin." Ìgbà tí ó sọ èyí tán ni ó rántí ibi tí ó wà. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó kọjú sí ṣẹ́ẹ̀fù, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi sọ̀rọ̀, nítorí náà mo gbà pé èmi ni ó ń bá wí. "Mo mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n. Mi ò sọ pé wọ́n ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Àbúrò mi wà níbẹ̀, Ìyá Aránṣọ. Ní Bàkásì. Ṣọ́jà ni. Ó ti pẹ́ tí a ti gbúròó ẹ̀. Mo bá jókòó sínú ilé lọ́jọ́ ìsinmi, mò ń ṣàdúrà, wọ́n á máa pariwo lẹ́nu ọ̀nà mi pé ogun dé. Kí ni kí n ṣe sí etí mi? Ẹ sọ fún mi. Kí n yọ ọ́ jù nù?"

A kò mọ̀ pé ó ní àbúrò ní Bàkásì. Ó ti ń fún wa ní táyà, ó ti ń bá wa ṣe àwàdà ọkọ, kò sì sọ ọ́ rí.

Mo túmọ̀ ohun tí ó sọ fún ṣẹ́ẹ̀fù, nítorí pé ó ń wò mí pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù ní kò sí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ máa kà. Ó ní kí wọ́n máa kà á dé dix-neuf, kí wọ́n lajú níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pe ìkan tó kù mọ́.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n irú ẹni tí mo jẹ́ kò jẹ́ kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀rọ̀ náà wà nínú dix-neuf."

"Báwo?"

"Ọ̀kàndínlógún ni a ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ku ọ̀kan kí ó pé ogún."

"Dix-huit ńkọ́?"

"Ó ku méjì kí ó pé ogún."

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń mi orí. Nígbà tí a dé quinze, mo ní ẹ̀ẹ́dógún ni, pé ó wà nínú ìyẹn náà. Ṣẹ́ẹ̀fù na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Irú òǹkà wo nìyí? Ẹ ò tíì débẹ̀, ẹ ti ń yọ kúrò lára ẹ̀!" Mámà Bẹ́nyẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró rẹ̀ dí ẹnu. Baba Èkó náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i, ṣùgbọ́n kò rín in.

"Níbo ni kò ti sí?" ni ṣẹ́ẹ̀fù bèèrè.

"Ẹ̀rìnlá," ni èmi àti Baba Èkó wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó dáa. Ẹ̀rìnlá." Ó pè é burúkú. Kò bèèrè ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, kí n tó padà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn táyà ti wà ní ààyè wọn. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀rìnlá ni òpin. Wọ́n ráhùn pé kò tó, pé ẹni tí ó ń sá pamọ́ kò ní tíì rí ibi wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n ti kọ́ bí a ti ń yára. Wọ́n ń kígbe pé ẹ̀rìnlá dé, ó sì dùn mọ́ wọn bí ti àtijọ́. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n dé lẹ́yìn náà rò pé ibẹ̀ ni òǹkà Yorùbá parí sí. Ọmọ Mámà Bẹ́nyẹ́, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní kíláàsì pé àwọn Yorùbá kò ní ju nǹkan mẹ́rìnlá lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìròyìn dé pé àbúrò Baba Èkó kò ní padà wá mọ́. Wọ́n gbé àga sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá jókòó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ kí a lọ tàbí kò yẹ, bóyá wọn kò ní lé wa. Mo bá Mámà Bẹ́nyẹ́ lọ. Faransé ni mo fẹ́ fi kí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù ni ó jáde. Àwọn kan yíjú wò mí. Baba Èkó ní kí wọ́n fún mi ní àga. Mo jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi yẹn, àwọn ọmọ kò jáde ṣeré. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, Baba Èkó fúnra rẹ̀ ni ó yí àwọn táyà dé ẹnu ọ̀nà.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí rédíò tó sọ pé ọ̀rọ̀ Bàkásì ti parí, pé wọ́n ti fi ọwọ́ síwèé, pé ṣọ́jà ilé ti ń kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ti rí ìwé rẹ̀ gbà nígbà náà. Mo ronú pé bóyá mo lè dá ogún padà fún àwọn ọmọ. N kò ṣe é. Àwọn tí ó ń ṣeré nígbà náà kò bèèrè, wọn kò sì mọ̀ pé ohun kan kù. Ọmọ mi ti dàgbà, ó ti ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ní ààyè rẹ̀. Nígbà tí ó wá kí mi lọ́dún tí ó kọjá, ó mú ọmọ tirẹ̀ wá. Mo rí ọmọ náà tí ó fi ojú mọ́ ògiri kan náà, tí ó ń kà láìmọ̀ pé Yorùbá ni, tí ó sì lajú ní ẹ̀rìnlá.

Mo ṣì ń ránṣọ ní pálọ̀ kan náà. Ọ̀dà ti wà ní òpópónà báyìí, àwọn ọkọ̀ sì pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi ṣì jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Èmi tí mo fẹ́ fi odindi èdè sí wọn lẹ́nu, òǹkà tí kò dé ogún ni mo fi sílẹ̀. N kò rò pé ó kéré.

Baba Èkó ti padà sí abúlé rẹ̀. Àwọn tí ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń tọ́jú táyà. Kí ó tó lọ, ní ọdún tí wọ́n da ọ̀dà, ọkọ mi ṣàìsàn, kò pẹ́, ó kú. N kò jáde ní ọjọ́ ìsinmi fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo tún jáde, mo gbé àpótí mi sí ibi tí mo máa ń gbé e sí, àwọn obìnrin kí mi, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọkọ̀ kan dé ibi táyà, ó fọn fèrè. Àwàdà Baba Èkó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, mo sì rí i tí Mámà Bẹ́nyẹ́ ń wo ibòmíràn. Baba Èkó dìde níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò kígbe. Ó rìn wá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó wá ohùn náà, ó sì jẹ́ kí ó wálẹ̀ dáadáa níparí, bí wọ́n ti fi ẹ̀rín kọ́ ọ ní Èkó.

"Ọkọ̀ ni o, Ìyá Aránṣọ," ni ó wí. "Ọkọ̀ ni."